Ajá Tí Mo Sọ ní Kílókànọ́

Bí ẹ bá ń kọjá ládùúgbò wa ní Òkèsà, ní Iléṣà, láàárọ̀, tí ẹ gbọ́ tí obìnrin kan ń pariwo pé, "Kílókànọ́! Kílókànọ́ o!", ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró bá mi jà. N ò bá yín wí. Ajá mi ni mò ń pè. Àwọn tó ti dúró bá mi jà kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Àlejò kan tiẹ̀ wà tó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, tó ní òun kàn fẹ́ béèrè ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, kí ló wá fa èébú?

Susannah lorúkọ mi, Ìyá Jùwọ́n. Aránṣọ ni mí. Gbogbo ẹ̀wù tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa ń wọ̀, ọwọ́ mi ló ti jáde. Ọkọ mi ti lọ sinmi, Jùwọ́n ọmọ mi kan ṣoṣo sì ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, nítorí náà èmi nìkan ni mo kù nínú ilé. Ẹnu mi mú díẹ̀. Mo mọ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi.

Kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1996, nígbà òjò, mo ṣubú ní balùwẹ̀. Ọṣẹ ni mo tẹ̀. Mo fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbì! Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lè dìde. Egungun kankan ò ṣẹ́. Mo fi òróró pa ibi tó wú, mo sì pinnu pé ẹnì kankan ò ní gbọ́. Ṣé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí ni, tí màá máa ké kiri pé mo ṣubú?

Ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé Làbákẹ́, ìyẹn Ìyá Ọmọ́yẹlé, ògiri náà kò sì ga ju àyà mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ọdún mọ́kànlélógún. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ojú Làbákẹ́ kì í sinmi. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ níwèé, ó wá ń ṣọ́ gbogbo wa bí ẹni pé a fẹ́ jí ìwé wò nínú ìdánwò. Ó rí i pé mò ń tiro, ó bi mí léèrè, mo ní ẹsẹ̀ mi ló kú tipiri. Lọ́jọ́ kejì ó tún bi mí, mo ní bàtà tuntun ni. Lọ́jọ́ kẹta kò bi mí mọ́. Ńṣe ló jókòó, tó kọ lẹ́tà ojú ewé méjì sí Jùwọ́n ní Kàdúná pé, ìyá rẹ ṣubú, ó sì ń pa á mọ́ra.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Jùwọ́n fúnra rẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ilé mi. Kò tíì jókòó tó fi ní kí n máa palẹ̀ ẹrù mọ́, Kàdúná yá.

Mo ní, "Kàdúná bí báwo? Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀? Ìyàwó rẹ á ti jáde láago mẹ́fà àárọ̀. Ṣé ògiri ni kí n máa bá sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Màmá, tí ẹ bá tún ṣubú ńkọ́?"

Mo ní, "Màá tún dìde!"

A fà á títí. Níkẹyìn a ṣe àdéhùn. Jùwọ́n ní òun máa fi ajá ránṣẹ́ sí mi, ajá gidi, tí yóò máa ṣọ́ mi tọ̀sán-tòru, tí yóò máa gbó bí nǹkan bá ṣe mí. "Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ní Kérésì, Màmá, tí mo rí i pé ajá yìí ò lè ṣọ́ yín, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ ó bá mi lọ." Mo gbà. Mo gbà nítorí pé n ò fẹ́ fi ilé mi sílẹ̀. Igi ọsàn tí ọkọ mi gbìn wà lẹ́yìnkùlé, máṣíìnì mi wà lẹ́nu fèrèsé, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí mi. Mo fẹ́ràn ilé yìí, n ò sì ní tijú láti sọ ọ́.

Ní oṣù keje, awakọ̀ kan gbé ajá náà dé nínú páálí. Ọmọ oṣù méjì ni. Wọ́n ní ajá òyìnbó ọ̀gá sójà kan ló bí i. Ẹ̀yin ará, ẹ wo awọ! Awọ rẹ̀ pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Iwájú orí rẹ̀ hunjọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo ní, ẹni tó rán aṣọ fún ajá yìí kò wọn ara rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ó fi imú tútù kan ọwọ́ mi, ó sì sùn lọ lórí ẹsẹ̀ mi nídìí máṣíìnì, inú mi sì yọ́.

Ó wá ku orúkọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tí aládùúgbò bá ṣẹ̀, tí kò sì fẹ́ wọ̀yá ìjà, ara ajá ló ti máa ń sọ̀rọ̀. Bàbá bàbá mi ní ajá kan tó ń jẹ́ Ẹjẹ́wọ́nmáawí, gbogbo àdúgbò ló sì mọ àwọn tó ń bá wí. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ń bá wí kò lè bínú. Tó bá bínú, wọn á bi í pé, "Ṣé ìwọ lajá ni?" Ìyẹn ni mo ṣe sọ tèmi ní Kílókànọ́. Ní òròòwúrọ̀, màá lọ dúró nídìí ògiri Làbákẹ́, màá gbé ohùn sókè: "Kílókànọ́, wá jẹun! Kílókànọ́, kúrò nídìí ilé onílé! Kílókànọ́, ṣé ìwọ ni wọ́n fi ṣọ́ ayé ni?"

Làbákẹ́ ò dáhùn. Yóò máa gbálẹ̀ rẹ̀ lọ ní tiẹ̀, ológbò rẹ̀ dúdú-funfun á máa tẹ̀ lé e. Músù ló ń pè é, bí gbogbo ayé ṣe ń pe ológbò. Kò wò mí, kò kí mi, n kò kí i. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá. Ká máa búni kí wọ́n má fèsì, ẹ̀yin ò mọ bó ṣe ń dunni tó.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ojú ajá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Lẹ́yìn ìyẹn ó pọ́n. Tó bá bọ́ sínú oòrùn, á di ojú pọ̀, á máa fi ọwọ́ ha á, á máa fi ojú nu ìgbátí ìró mi. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti lẹ̀ pọ̀. Mo ní, àṣírí tú, Àpólò nìyí! Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá wo ojú alápólò, Àpólò ti ràn án. Mo lọ wá jígí dúdú tí ọkọ mi fi ń gun alùpùpù láyé ọjọ́un, mo gbé e wọ̀. Inú jígí náà ni mo ti ń fún un lóúnjẹ, inú rẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbé apá ọ̀tún sí ibi apá òsì lára bùláòsì ìyàwó àlùfáà.

Mo tọ́jú rẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò tọ́jú rẹ̀. Mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Kò lọ. Mo wá rántí pé omi ọyàn ni ìyá mi ń kán sí wa lójú nígbà tí a wà ní kékeré. Ìwàlẹwà tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo bá ránṣẹ́ sí i pé kó fún mi ní díẹ̀. Ó sáré wá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá mi. Ṣé ojú ń dùn yín ni?"

Mo ní, "Hùn-ún." Ó rí jígí dúdú lójú mi, kí ni kí n tún sọ? Ó fún un sínú ife kékeré, ó tún gbàdúrà sí i pé kí Olúwa fún mi ní ojú tí yóò fi rí ọmọ-ọmọ-ọmọ. Bó ṣe jáde, mo kán àdúrà àti omi ọyàn sí ajá lójú. Ajá lá ìyókù inú ife, ó ń ju ìrù. Ojú kò san.

Mo lọ ra oògùn ojú ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, mo kán ìyẹn náà sí i. Ńṣe ló tún burú sí i. Nígbà tó fi di ìparí oṣù kọkànlá, nǹkan kan ti bo ẹyinjú òsì rẹ̀, ó rí bùlúù, ó rí funfun. Ajá tó yẹ kó máa ṣọ́ mi ń kọlu àpótí. Ìdí máṣíìnì ló ń sá sí nítorí pé ibẹ̀ ṣókùnkùn. Kérésì sì ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀rù bà mí dọ́ba. Bí Jùwọ́n bá dé tó bá ajá afọ́jú, Kàdúná ló kàn. Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù: mo fi pa mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mi ò pe ajá nídìí ògiri mọ́.

Ohun tó sì tú mi fó nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹrin tí n kò pariwo, mo wà lẹ́yìnkùlé tí mò ń sá aṣọ, mo gbọ́ ohùn Làbákẹ́ lókè ògiri. Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀ o. Ológbò rẹ̀ ló gbé sórí ògiri.

"Músù," ó ní, "ṣé ìwọ náà ń gbọ́ nǹkan? Ilé yìí dákẹ́ jù. Ẹni tó ń bú wa ní òròòwúrọ̀ kò bú wa mọ́. Àìsàn ń bẹ níbẹ̀."

Ajá mi gbọ́ ohùn, ó tẹ̀ lé e jáde, ó ń ṣẹ́jú wìnnìwìnnì. Èmi náà kọjú sí i. "Kílókànọ́, sọ fún ológbò yẹn pé ara wa le koko."

Orí ni ajá náà fi kọlu ìkòkò omi.

Làbákẹ́ na ọrùn. Ó wò ó, ó tún wò ó. "Músù, wo ojú ọmọ ọlọ́mọ. Ìyẹn kì í ṣe Àpólò. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ló ká sínú, irun ara rẹ̀ ló ń gún un lẹ́yinjú. A rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹran tó tọ́jú rẹ ní Òṣogbo. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru."

"Kílókànọ́," mo ní, "sọ fún ológbò yẹn pé kó lọ wá eku jẹ!" Mo wọlé, mo pa ilẹ̀kùn dé gbàmù. Inú bí mi gan-an. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èmi tí mo ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ láìwo fìtílà, mo bá ajá gbé inú ilé kan, n kò rí i. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ló rí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú sẹ́nu ọ̀nà kí atẹ́gùn lè fẹ́ iná rẹ̀. Mo pe ajá pé kó wá jẹun. Ó dìde nídìí máṣíìnì, ó ń bọ̀ tààrà, ó fi ojú kọ áyọ́ọ̀nù náà. Kò rí iná! Mo pariwo, mo fò, ọwọ́ mi bà á ní ìrù. Irunmú rẹ̀ apá kan ti jóná, òórùn rẹ̀ gba ilé. Ó ń lá ọwọ́ mi, kò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo sì sunkún. N kò rántí Kàdúná rárá nígbà yẹn. Ajá náà ni mò ń sunkún fún, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ti ń fi ìgbéraga mi fọ́ ọ lójú.

Mo nu ojú nù. Mo lọ sídìí ògiri. Ológbò nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń yá oòrùn.

"Músù," mo ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ bá mi bi ìyá yín pé níbo ni dókítà ẹran yẹn wà ní Òṣogbo."

Àbí ẹ̀ ń gbọ́ nǹkan? Ológbò ni mo ń fi ẹ̀yin pè!

Ohùn Làbákẹ́ dáhùn láti ilé ìdáná. "Músù, sọ fún un pé kó múra fún ọ̀la. Ọkọ̀ Òṣogbo ń gbéra láago méje. Kó sì wọ bàtà tí kò ní yọ̀ ọ́ ṣubú!"

Bí a ṣe lọ nìyẹn. Mo pọn ajá mọ́ra bí ìkókó, mo fi ìborùn bò ó lójú, mo sì tún gbé jígí dúdú mi wọ̀. Kọ̀ndọ́ ọkọ̀ bojú wò ó, ó ní, "Ìyá, ọmọ yín nírun o." Làbákẹ́ jókòó tì mí láti Iléṣà dé Òṣogbo, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ó na ọwọ́, ó gbá orí ajá mú kó má baà fi gbá irin. Mo rí i.

Dókítà Fúnmilọ́lá ni wọ́n ń pe dókítà ẹran náà, ọmọdébìnrin tí kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó mú káàdì, ó mú bírò.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Kí lorúkọ ajá yìí?"

"Kílókànọ́."

Ó gbójú sókè. "Ẹ má bínú, Màmá. Inú káàdì ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí."

"Kílókànọ́ ni mo wí!"

"Màmá, kì í ṣe ìtojúbọ̀. Gbogbo ẹran tó bá wọ ibí la máa ń béèrè orúkọ rẹ̀..."

Làbákẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dókítà, orúkọ ajá nìyẹn. Èmi ni wọ́n fi ń bú."

Dókítà náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ajá. Ó kán omi kan sí i, ibi tí egbò wà lára ẹyinjú náà sì yọ ní àwọ̀ ewé. Ó bi mí léèrè ohun tí mo ti lò. Mo ka omi iyọ̀, mo ka oògùn oníkẹ́míìsì. Nígbà tí mo dórí omi ọyàn, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Omi ọyàn ta ni?"

"Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ mi."

Ó bá mi wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní oògùn ojú ènìyàn mìíràn wà tó jẹ́ pé tí egbò bá wà lójú, ńṣe ló máa jẹ́ kí egbò náà jìn sí i, kí n má ṣe kán ohun tí dókítà kò wò sí ẹran lójú mọ́. Ó wá mú ìka, ó fa ìpéǹpéjú ajá náà sísàlẹ̀, irun tó ti rọ̀ sínú jáde síta. Bó ṣe fi í sílẹ̀, ó tún ká wọlé.

"Ẹ̀n! Etí aṣọ tó ká sínú ni!" mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Màmá. Awọ ojú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣẹ́jú, irun yẹn á ha ẹyinjú. Àwọn ajá tójú wọn hunjọ báyìí, ó wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dàgbà. Tí mo bá gé awọ náà báyìí, ó lè wá kéré jù lọ́la. N ó fi òwú fà á síta ná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí egbò lè san, kí orí rẹ̀ sì dàgbà bá awọ rẹ̀. Tó bá tún ká wọlé lẹ́yìn ìyẹn, a ó wá gé e."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Aránṣọ wo ni kò mọ̀ pé a kì í gé aṣọ ọmọ tó ń dàgbà? Ńṣe la máa ń ṣẹ́ ẹ po. Ó gún ajá lábẹ́rẹ́ oorun, ó ní kí n di orí rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Mo gbìyànjú láti dákẹ́, Ọlọ́run ń gbọ́.

"Ọmọ mi, ìyẹn fì díẹ̀."

"Màmá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é."

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Fà á wálé díẹ̀ ni mo wí."

Ó dúró, ó wò ó, ó fà á wálé díẹ̀. "Ẹ ṣeun, Màmá," ló wí, kò sì wojú mi.

Nígbà tó parí, tó ń fọwọ́, ó kọjú sí Làbákẹ́. "Ókànmí tiẹ̀ ńkọ́, Màmá? Ṣé awọ funfun yẹn ti kúrò lójú rẹ̀ pátápátá?"

Mo ní, "Ta ni Ókànmí?"

Làbákẹ́ yíjú sí fèrèsé bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Dókítà fa káàdì kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó kà á: "Ológbò. Abo. Dúdú àti funfun. Orúkọ, Ókànmí. Oṣù kẹjọ. Awọ funfun ló yọ ní igun ojú rẹ̀ méjèèjì, ó bò ó dé ìdajì. Màmá rò pé ojú ń fọ́ ni, ṣùgbọ́n àìsàn kò sí lójú, inú ló wà. Aràn ló kún inú rẹ̀. A fún un lóògùn aràn."

N kò gbọ́ ti aràn. Oṣù kẹjọ ni mo gbọ́. Oṣù keje ni mo sọ ajá mi lórúkọ. Ìyẹn ni pé nígbà tí mo ń pariwo lẹ́bàá ògiri ní òròòwúrọ̀ pé kí ló kàn ọ́, Làbákẹ́ ti dá mi lóhùn. Wọ́n bi í ní orúkọ ológbò rẹ̀, kò sọ pé Músù. Ó ní kí wọ́n kọ Ókànmí, ó sì fi èsì náà sílẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ ní Òṣogbo, kò pè é sí mi létí rí.

Mo bọ́ jígí dúdú kúrò lójú. "Làbákẹ́," mo ní, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dárúkọ rẹ̀ láti oṣù kẹfà, "kí ló dé tí o kò fi pè é síta?"

"Ariwo rẹ pọ̀ jù. Mò ń dúró kó tán, kí o lè gbọ́ mi."

Mo fi ọwọ́ gbá a léjìká. Òun náà gbá mi. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, a ń sunkún, tí dókítà náà kò mọ èyí tí ì bá bá wa ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ o. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú ajá tó sùn.

Dókítà ní kí a fi nǹkan sí ajá lọ́rùn kó má baà ha òwú náà tú. Mo délé, mo bu aṣọ líle tí mo fi ń ṣe ọrùn ẹ̀wù àwọn akọrin, mo rán ọrùn fífẹ̀ kan fún un, mo fi ànkárá gbá etí rẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ jáde, gbogbo àdúgbò ní ó jọ ọ̀gá akọrin wa. Làbákẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ àkókò oògùn sára ògiri, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, á fi igi lu ògiri. Lọ́sẹ̀ kẹta a padà lọ, wọ́n tú òwú náà, ìpéǹpéjú sì dúró síta bó ṣe yẹ. Ojú ọ̀tún mọ́ kedere. Ti òsì ríran, ṣùgbọ́n àpá funfun kékeré kan kù síbẹ̀, bí ìpẹ́ ẹja, dókítà sì ní kò ní kúrò.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésì, Jùwọ́n dé. Ajá mi rí i láti ojú títì, ó gbó bí ajá mẹ́ta. Mo ní, ẹ ṣé, Olúwa. Ṣùgbọ́n Jùwọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹnu ajá mú, ó wò ó.

"Màmá, kí ló ṣe ojú òsì rẹ̀?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ó sú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, Àpólò, omi ọyàn, áyọ́ọ̀nù, Òṣogbo, n kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Jùwọ́n jókòó sórí àpótí, kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ajá tí mo ní kó ṣọ́ yín, ẹ̀yin lẹ tún wá ń ṣọ́ ọ. Ẹ sì tún fi pa mọ́, bí ẹ ṣe fi ti ìjọ́sí pa mọ́. Tí ẹ bá tún ṣubú, ta ni yóò mọ̀? Ajá ò lè kọ lẹ́tà."

Òótọ́ ló sọ. Mo wo igi ọsàn, mo wo máṣíìnì mi. Ajá ti lọ ń wa ilẹ̀ nídìí ògiri ní tiẹ̀. Kí n lè rí nǹkan ṣe, kí omijé má baà bọ́ níwájú ọmọ, mo pè é.

"Kílókànọ́!"

"Ó kàn mí!"

Láti òdìkejì ògiri ni. Làbákẹ́ dìde dúró, ìpọnbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ológbò rẹ̀ sì fò sórí ògiri nítorí pé ó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

"Jùwọ́n, káàbọ̀ o. Tí ìyá rẹ bá ṣubú, ó kàn mí. Tó bá húkọ́, ó kàn mí. Tó bá da iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀, tó ń purọ́ pé òun ò da púpọ̀, ó kàn mí. Mo sì ṣì ní ìwé lẹ́tà nílé."

Jùwọ́n dọ̀bálẹ̀ kí i níbi tó wà. Nígbà tó dìde, ó wo Làbákẹ́, ó wo èmi, ó lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, ó kó báàgì ńlá méjì jáde. Òfìfo ni wọ́n. Mo mọ ohun tó torí rẹ̀ gbé wọn wá láti Kàdúná: ẹrù mi ló fẹ́ fi wọ́n kó.

Ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi wá iṣu kó sínú wọn, Màmá. Iṣu ilé ń wu ìyàwó mi."